Ààrò Àwẹ̀ró

Kí Dúrósinmí tó gbé ẹsẹ̀ kejì wọ ilé ìdáná, kọ́bọ́ọ̀dù apá ọ̀tún ti yà kúrò lójú ọ̀nà fún ẹnìkan tí kì í ṣe òun. Ó yí lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lórí irin tó gbé e dúró, ó lọ fara ti fèrèsé. Pẹpẹ òkè sọ̀kalẹ̀. Omi tú sínú àwo, ó sì dá gẹ́lẹ́ níbi tí alásè ì bá ti sọ pé ó tó. Ọ̀bẹ yọ jáde láti inú àpótí rẹ̀, ó sùn sórí pátákó tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́, èèkù rẹ̀ kọjú sí apá òsì.

“Ta ló ń dáná?” Ilé ìdáná béèrè láti inú àjà.

Ohùn náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀, bí ohùn ẹni tó kọ́ Yorùbá nínú ìwé. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ta ni ì bá dáhùn? Obìnrin tó ni ibẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ ilé ìdáná dúró díẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ èsì, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ṣí ìkòkò, ó dé e padà, ó sún iyọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ. Iná nìkan ni kò wá.

“Má dúró sójú ọ̀nà ìyá rẹ,” ni bàbá rẹ̀ wí.

Bàbá àgbà náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lórí, ọwọ́ méjèèjì láàárín orúnkún, bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti fẹ̀ jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀fọ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀wù yẹn kan náà ló fún un mọ́ra. Abọ́ gàárì kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó mu kù.

Dúrósinmí dọ̀bálẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ ti jẹun?”

“Mo ti mu gàárì.”

“Gàárì láàárọ̀, gàárì lálẹ́! Bàbá, ṣé gàárì nìkan lẹ fẹ́ fi dúró láyé ni?”

“Gàárì kì í béèrè iná.” Ó tún kọjú sí ilé ìdáná. “Àkókò yìí ló máa ń gé àlùbọ́sà. Dákẹ́ kí o gbọ́.”

Dúrósinmí tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan.

“Ọ̀fọ̀ parí lónìí, Bàbá,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Obìnrin Ilé-Iná tó ń pín ooru ń bọ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Tó bá bá ilé ìdáná yìí láìní ọwọ́ alààyè, á fi òǹtẹ̀ dì í pa. Ẹ mọ ohun tó kàn.”

“Ilé Àjọjẹ.”

“Ilé Àjọjẹ ni, níbi tí wọ́n ti ń bọ́ àwọn tí kò ní iná mọ́. Wọ́n á sì fa ilé yìí lé àwọn tí omi lé wá láti etí òkun lọ́wọ́. Ẹ rántí Bàbá Ìdòwú?”

Ta ni kò rántí Bàbá Ìdòwú? Ìgbà òjò ló wọ Ilé Àjọjẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn kò bá a níbẹ̀.

“Kí ló wà nínú àpò tó o gbé kọ́ èjìká yẹn?” ni bàbá béèrè.

Dúrósinmí fẹ́ purọ́, irọ́ náà ò sì dùn lẹ́nu rẹ̀. “Irinṣẹ́ ni, Bàbá.”

“Ọ̀pá tí ẹ fi ń pa òkú lẹ́ẹ̀kejì ni. Má mú un jáde. Má jẹ̀ẹ́ kí ìyá rẹ rí i.”

Iṣẹ́ Dúrósinmí ni títo ilé ìdáná, ó sì mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyàwó ilé ní Òkè-Ìsádi fi ń bẹ̀ ẹ́ ṣáájú kí wọ́n tó bẹ kápẹ́ńtà. Láti ìgbà tí igi ti tán nílẹ̀, tí wọ́n ti ń pín ooru oòrùn fún ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pín ẹran ọdún, ìyá wo ló tún lè jẹ́ kí ìkòkò máa hó lásán nítorí pé ó ń wá iyọ̀ kiri? Ibi omi, ibi ọ̀bẹ, ibi iná: àwọn oníṣẹ́ náà ń pè é ní ààrò mẹ́ta, nítorí àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá súnmọ́ra jù, alásè á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ìkòkò. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù, iná á ṣòfò. Atòlé-ìdáná á wo ọwọ́ alásè, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, á to ààrò náà sí ìwọ̀n ara rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ògiri fúnra rẹ̀ á máa kọ́ ọ, á máa gbé nǹkan pàdé ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ kan fún iná kan, bẹ́ẹ̀ lòfin wí. Bí ọwọ́ náà bá kú, ọ̀pá ìpàrẹ́ á kan ògiri, ilé ìdáná á gbàgbé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ mìíràn mọ̀ ọ́n. Dúrósinmí ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ́ láìmikàn. Ó tilẹ̀ máa ń sọ fún àwọn tó ń sunkún pé pákó lásán ni, kí wọ́n nu ojú wọn. Ẹ ò rí ayé bí?

Ilé ìdáná yìí gan-an ni àkọ́kọ́ tó dá tò. Nígbà tó ṣe fúrídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é fún. Ó jókòó tì í, ó ń wo bó ṣe ń rìn, ìyá náà sì ń bú u pé kí ló ń wo òun bí olè báyìí. Omi lápá òsì, ọ̀bẹ láàárín, iná lápá ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni Àwẹ̀ró, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnu náà ò gbẹ́yìn.

Kí ló wá dé tí ọ̀bẹ fi ń kọ èèkù sí òsì?

“Bàbá, láti ìgbà wo ni ibí yìí ti yí padà?”

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọjọ́ kejì tó kú ni mo rí i. Ṣáájú ìyẹn, kí ló kàn mí ní ìdí iná? Mo wọlé láàárọ̀ pé kí n wo àpótí ìjókòó rẹ̀ lásán, mo bá a tí gbogbo nǹkan ti lọ sí òsì. Iyọ̀, orógùn, ìdérí ìkòkò. Ìwọ náà ti gbọ́ ohun tí àgbà ń sọ. Ọwọ́ òsì ni òkú fi ń ṣe nǹkan.”

“Àbí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń rọ kó tó lọ?”

“Ọwọ́ wo ló rọ? Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi gbá mi lẹ́yìn lọ́sẹ̀ tó kú pé mo gbàgbé láti ra iyọ̀.” Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu bàbá, kò sì jáde. “Dúró ọmọ mi, ìyá rẹ ló wà níbẹ̀. Ó ti di ará ọ̀run, ṣùgbọ́n kò tíì fi ilé sílẹ̀.”

Ẹ̀rù ba Dúrósinmí, kí n má purọ́. Oníṣẹ́ ni, ó mọ bí irin ṣe ń yí lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó mọ̀ pé ògiri kì í gbàgbé àfi tí wọ́n bá pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n òun ló tò ó sí ọ̀tún. Ògiri kì í dá yí ara rẹ̀ padà. Ọwọ́ kan ní láti wà tó yí i. Ó rántí bó ṣe di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, bí ọwọ́ ọ̀tún náà ṣe tutù, tí àpá ọ̀bẹ kún ìka rẹ̀, tí ọ̀kan ṣì wà nínú ìdì aṣọ. Ó ti sọ nínú ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé ojú ìyá òun ti ń ṣú, òun ò sì mọ̀.

“Ó sì ti sọ tẹnu rẹ̀,” ni bàbá wí. Ó gbé ojú sókè sí àjà. “Sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Àwẹ̀ró.”

Ilé ìdáná sọ ọ́ ní ohùn pẹrẹsẹ tirẹ̀. Lẹ́tà náà sì tàn lára ògiri láìní àmì kankan lórí, bí wọ́n ṣe ń kọ gbogbo nǹkan ní Òkè-Ìsádi báyìí: E FI AARO MI SILE.

Ọ̀rọ̀ nìkan ni. Òfin kò gbà kí ẹ̀rọ tọ́jú ohùn òkú, nítorí àwọn kan ti jókòó ti irú ohùn bẹ́ẹ̀ títí ebi fi pa wọ́n kú. Ìsàlẹ̀ ni bàbá wà lọ́jọ́ náà, ó lọ gba omi. Ìgbà tó gòkè dé, Àwẹ̀ró ti jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ti lọ. Dúrósinmí fúnra rẹ̀ ló ka ohun tó wà lára ògiri fún bàbá rẹ̀ nígbà tó dé pẹ̀lú omijé lójú, nítorí ìwé aláìlámì kò yé bàbá. Ẹ fi ààrò mi sílẹ̀. Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ààrò òun ni kí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

“Ìwọ lo kà á fún mi,” ni bàbá wí. “Ohun tó ní kí n má fọwọ́ kàn, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Bí ebi á bá pa mí, kó pa mí.”

Ẹsẹ̀ dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èémí sì ṣáájú rẹ̀ wọlé. “Ẹ kú ilé o! Ẹ̀yin ará ibí yìí, ta ló kọ́ àtẹ̀gùn yín? Ọ̀tá àwọn tó sanra ni!”

Ìyáàfin Kúyẹ̀ láti Ilé-Iná nìyẹn, òǹtẹ̀ rẹ̀ ń fì ní ìbàdí. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá tìṣòrotìṣòro. “Bàbá Ọdẹ́wálé, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn.” Ó gbójú sókè, ó rí i tí pẹpẹ ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. “Háà! Ó ṣì ń rìn? Dúró, ìwọ tó o jẹ́ oníṣẹ́ rẹ̀? Kí n máa fojú rí i níta, kí n tún wá bá a nílé ìyá rẹ?”

“Ẹ má bínú, Mà. Òní náà ni mo fẹ́ ṣe é.”

“Kò ní ṣe é,” ni bàbá wí.

Obìnrin náà wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. “Bàbá, Ilé Àjọjẹ kò burú o. Ẹ̀wà wọn máa ń jinná dáadáa.”

“Ṣé ó máa ń ta sánsán?”

Ìyáàfin Kúyẹ̀ kò lè purọ́ fún àgbàlagbà. “Kì í ta sánsán, Bàbá. Inú ẹ̀rọ tó déra ni wọ́n ń sè é sí.”

“Oúnjẹ tí kò ta sánsán! Sàráà òkú gan-an ń ta sánsán.”

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. “Mo ní ilé kan tí mo fẹ́ rí lókè pátápátá. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, n ó yà. Dúró, jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí n lo òǹtẹ̀ yìí. Màmá yín ló kọ́ mi ní àkàrà díndín nígbà tí mo wà ní ọmọge. Má fi ojú mi gbolẹ̀.” Ó lọ, àtẹ̀gùn sì ń gbọ́ èébú.

Dúrósinmí mú ọ̀pá jáde. Igi kúkúrú kan lásán ni lójú, kò ju orógùn lọ. Ó sún mọ́ ògiri.

“Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀mí yín ni mo fẹ́ gbà là.”

Ọkùnrin tí gàárì ti sọ di egungun dìde kíá, ó lọ fi ẹ̀yìn ti ògiri náà, ó na apá rẹ̀ méjèèjì. “Kí lorúkọ rẹ?”

“Bàbá…”

“Mo ní kí lorúkọ rẹ?”

“Dúrósinmí.”

“Ta ló sọ ọ́?”

“Ìyá mi ni.”

“Mẹ́ta ló bí ṣáájú rẹ tí wọn ò dúró. Ó gbé ọ lọ́wọ́, ó bẹ̀ ọ́ pé kí o dúró, kí o sin òun. O dúró. O sì ti sin ín. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sin ènìyàn ni, Dúró? Àbí ilẹ̀ tó o bu lé e lórí yẹn kò tó?”

Ẹkún gbé Dúrósinmí mì. Ó sunkún bí ọmọdé nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀, ọ̀pá ìpàrẹ́ lọ́wọ́, kọ́bọ́ọ̀dù sì ń yẹra fún un kó má bàa dí obìnrin tí kò sí níbẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, “Ohun kan wà tí à ń ṣe fún gbogbo ènìyàn kí á tó pa á rẹ́. A máa ń fi ipa ẹsẹ̀ àti ọwọ́ alásè tí ògiri tọ́jú han àwọn ará ilé lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ṣí aṣọ lójú òkú kí ọmọ ó rí i. Ẹ jẹ́ kí a wo ipa rẹ̀. Tí ẹ bá wò ó tán tí ẹ ṣì ní kí n má ṣe é, mi ò ní ṣe é.”

Bàbá rọra sọ apá rẹ̀ kalẹ̀. Ó padà sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Dúrósinmí fọwọ́ kan igun ògiri, ilẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ obìnrin kan yọ ní ìmọ́lẹ̀ lórí síméńtì, kò sí ara lókè rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ méjì ń lọ ń bọ̀ lófuurufú lórí pátákó. Ọdún àtijọ́ ni. Láti ibi omi dé ibi ọ̀bẹ, láti ibi ọ̀bẹ dé ibi iná, ẹsẹ̀ náà kò ṣìnà rí. Ọwọ́ ọ̀tún gé, ó bù, ó rò.

“Wò ó!” Bàbá na ìka. “Ó ń jó níbẹ̀ yẹn. Wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí ìwọ gbéyàwó nìyẹn.”

Dúrósinmí rẹ́rìn-ín nínú omijé. Ó sún ọdún síwájú. Ẹsẹ̀ náà ń lọ́ra díẹ̀díẹ̀, ó ń darúgbó. Ó tún sún un síwájú, títí dé òjò tó kẹ́yìn, ó sì fura sí nǹkan kan, ó dáwọ́ dúró.

Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún gbé ọ̀bẹ, ó gbé e lọ sí apá òsì, ó gbé e kalẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ òsì mú un. Ó gé nǹkan, ó ṣì í gé, ọwọ́ ọ̀tún fò sókè, ó sì lọ sábẹ́ omi fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó padà wá. Òsì tún mú ọ̀bẹ. Ilé ìdáná gbé iyọ̀ sí ọ̀tún fún un bí ó ṣe mọ̀. Ó kọ̀ ọ́, ó sún un lọ sí òsì. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀bẹ mú, ó ń gé, ó ń ṣì gé, ilé ìdáná ń bá a jà, òun náà ń bá ilé ìdáná jà, títí ilé ìdáná fi gbà fún un.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. “Bàbá,” ni Dúrósinmí wí, “kì í ṣe òkú. Kó tó kú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà láàyè nígbà tó ń fi òsì dáná. Àpá tí mo rí ní ìka ọ̀tún rẹ̀, òsì ló fi di ọ̀bẹ mú tó fi gé ara rẹ̀.”

“Kí ni òun á fi òsì dáná ṣe?” ni bàbá béèrè. “Ọlọ́wọ́ ọ̀tún!”

“Ohun tí èmi náà ń béèrè nìyẹn.”

Ilé ìdáná kò dúró dè wọ́n. Àkókò ríro ọbẹ̀ ti tó. Pẹpẹ tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bàbá, orógùn yọ̀ létí rẹ̀, ó já bọ́, bàbá sì hán an kó tó kan ilẹ̀.

Ọwọ́ òsì ló fi hán an.

Bàbá wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Kíá ló pa orógùn dà sí ọ̀tún, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran.

“Bàbá. Ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni yín?”

“Ta ni? Ó kàn bọ́ sí i ni.”

“Bàbá mi.”

Àgbàlagbà náà fi orógùn lélẹ̀. “Ìyá mi máa ń fi ọ̀já di ọwọ́ òsì mọ́ mi lẹ́yìn, tí mo bá fẹ́ jẹun,” ló wí nígbà tó yá. “Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo kọ́ ọ̀tún títí ó fi mọ́ mi lára. Mo fi kí ènìyàn, mo fi jẹun, mo fi kọ̀wé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ láyé yìí, àfi Àwẹ̀ró. Ọdún tí mo gbé e wọlé, ó ti ọjà dé láìròtẹ́lẹ̀, ó bá mi lẹ́yìnkùlé tí mo ń bẹ iṣu. Mo ti rò pé ó máa bú mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, ‘Ọkọ mi, iṣu yín dán ju tèmi lọ. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n ó fi yín sí ìdí iná.’” Ó nu ojú. “Àwàdà ni mo pè é.”

Dúrósinmí gbójú sókè sí ògiri. Lẹ́tà wọ̀nyẹn ṣì wà níbẹ̀, láìlámì, wọ́n ń wò ó.

“Bàbá, kí ni Ìyá mi ń pe ibí yìí?”

“Ìdí iná. Kí ló tún fẹ́ pè é?”

“Ṣé ó pè é ní ààrò rí?”

“Ààrò kẹ̀? Èdè ẹ̀yin oníṣẹ́ nìyẹn. Yẹ̀yẹ́ ló máa ń fi ọ́ ṣe. Á ní, ‘Òkúta mẹ́ta dà nínú ilé alájà tí ọmọ mi ń pè ní ààrò?’ Kò jẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.”

Dúrósinmí súnmọ́ ògiri. Ó ka ọ̀rọ̀ náà lójú, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ gòkè níbi tí ó ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kà á.

“Ẹ fi àárò mi sílẹ̀.”

Bàbá gbé orí sókè. “Kí lo wí?”

“Àárò, Bàbá. Kì í ṣe ààrò. Ó ní kí ẹ fi àárò òun sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ó máa pa yín. Ó mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ó mọ̀ pé n ó gbé ọ̀pá yìí wá. Ó fi ọwọ́ yín kọ́ ilé ìdáná kó tó lọ, kí ẹ lè dáná, kí n má sì ní ohun tí n ó pa rẹ́. Èmi ni mo ka ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi. Èmi ni mo fi ebi pa yín.”

Ohùn Àwẹ̀ró kò sí mọ́ tí yóò jẹ́rìí. Kò sẹ́ni tó lè búra lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ wà lórí pátákó, èèkù rẹ̀ kọjú sí òsì.

Bàbá sunkún nígbà yẹn, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹkún ọkùnrin tó ń mi àga. “Ìka rẹ̀,” ló ń wí. “Àwẹ̀ró. Ó gé gbogbo ìka rẹ̀ nítorí tèmi. Mo bi í pé kí ló ṣe é, ó ní ọ̀bẹ tuntun ni.”

Ẹsẹ̀ Ìyáàfin Kúyẹ̀ ti ń sọ̀ bọ̀ láti òkè.

Bàbá dìde. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi sórí àga. Ó wọ inú ilé ìdáná gẹ́gẹ́ bí ẹni ń wọ ilé àna, kọ́bọ́ọ̀dù sì yà fún un. Ó dúró níwájú pátákó. Ó na ọwọ́ òsì, ọ̀bẹ bọ́ sí i lọ́wọ́ pẹ́kí. Àlùbọ́sà wà níbi tó yẹ kó wà.

“Ta ló ń dáná?” ni ilé ìdáná béèrè.

Ìyáàfin Kúyẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, òǹtẹ̀ lọ́wọ́. Dúrósinmí bojú wẹ̀yìn, ó bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú. Bí ilé ìdáná bá kọ̀ ọ́, ó parí.

Bàbá wo àyè tó ṣófo lápá ọ̀tún rẹ̀.

“Àwa ni,” ló dáhùn.

Ilé ìdáná dákẹ́. Ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà nǹkan dún pọ́ọ́ lábẹ́ ìkòkò, ooru sì kan gbogbo wọn lójú.

“Ẹ gbà mí!” ni Ìyáàfin Kúyẹ̀ kígbe. “Ọwọ́ òsì kẹ̀? Bàbá Ọdẹ́wálé?”

“Òfin ní ọwọ́ kan fún iná kan, Mà,” ni Dúrósinmí wí. “Kò sọ èwo.”

Obìnrin náà wo iná, ó wo àgbàlagbà náà, ó wo ọ̀pá tó wà nílẹ̀ tí kò kan ògiri. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó mọ̀ pé ohun kan wà tí òun ò gbọ́. Ó so òǹtẹ̀ rẹ̀ padà mọ́ ìbàdí. “Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún,” ló wí, ó sì wá ibi jókòó. “Ṣùgbọ́n mi ò kúrò níbí o, àfi tí mo bá tọ́ ọ wò.”

Bàbá gé àlùbọ́sà. Kò yára, ṣùgbọ́n kò gé ara rẹ̀. Ó bu òróró, ó da ata, ó na ọwọ́ láìwòran, iyọ̀ sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ, ọwọ́ kan ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó yá, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán, òórùn náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, aládùúgbò kan sì ṣí ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ilé ìdáná ṣe ohun kan tí bàbá kò pàṣẹ. Àpótí Àwẹ̀ró yọ jáde lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ iná lápá ọ̀tún, níbi tó ti máa ń jókòó dúró de ọbẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni lórí rẹ̀.

Ìyáàfin Kúyẹ̀ kó ọwọ́ lé ẹnu. Dúrósinmí dìde kó lọ tì í padà.

“Fi í sílẹ̀,” ni bàbá wí. Ó sún díẹ̀ sí apá òsì kí ooru lè kan ibẹ̀, ó sì ń ro ọbẹ̀ rẹ̀ lọ.